Sáfà Ilé Tó Ń Dákú: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù ní Ìkòròdú

Láti Sábó dé Ìgbógbó, ìbéèrè kan náà ni: "Sáfà mi tún ti kú o, kí ni kí n ṣe?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí fóònù títí, mo ti dáhùn rẹ̀ lórí WhatsApp títí. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi díẹ̀. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó ń gba oorun lójú ẹni wà lẹ́yìn.

Kí ni wọ́n ń pè ní sáfà ilé tó ń gbé VM gan-an?

Kọ̀ǹpútà kan ni, tó gba kọ̀ǹpútà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́wàá sínú ara rẹ̀, bí ilé oníyàrá púpọ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni VM (virtual machine): ó ní ìpín RAM (ìrántí ẹ̀rọ) tirẹ̀, ìpín dísìkì tirẹ̀, Windows tàbí Linux tirẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Onílé ni wọ́n ń pè ní host.

Proxmox VE, software tó ń sọ kọ̀ǹpútà di onílé, ló wọ́pọ̀ láàárín àwa tí à ń ṣe é níbí, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Orí Debian, irú Linux kan, ni wọ́n kọ́ ọ lé, KVM tó wà nínú Linux ló sì fi ń gbé VM. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ la sábà máa ń gbé e lé: OptiPlex, EliteDesk, ThinkCentre. Proxmox ni mo fi sọ́kàn nínú àwọn ìdáhùn yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ iná, ooru àti RAM kò mọ ẹni tó ń lo Proxmox yàtọ̀ sí ẹni tó ń lo òmíràn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá sáfà ló kú tàbí VM kan ṣoṣo?

Ẹ ṣí ojú ìwé Proxmox lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, ti port 8006 yẹn. Bó bá ṣí, tó jẹ́ pé VM kan péré ló dùbúlẹ̀, onílé wà láàyè, ayálégbé kan ló ń ṣàìsàn. Inú VM yẹn ni kí ẹ ti wá ìdí.

Bí kò bá ṣí, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì. Ẹ gbé síkírìn àti kíbọ́ọ̀dù lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, kí ẹ tẹ Caps Lock. Bí iná tíńtín tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kernel (ọkàn Linux) ṣì ń mí. Ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló já. Bí iná yẹn kò bá mira, ó ti gan nìyẹn.

Ṣé oríṣi ikú kan náà ni gbogbo wọn?

Rárá o. Ẹni tó bá sọ fún mi pé "ó kú", kò tíì sọ nǹkan kan. Èyí tó pa ara rẹ̀ tó tún tan ara rẹ̀, iná, páwà sọ́pláì (àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà) tàbí ooru ni mo máa kọ́kọ́ bi léèrè. Èyí tó gan, tí fáànù ṣì ń yí tí síkírìn dúró sójú kan, mo máa lọ síbi RAM, dísìkì, processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) tàbí kernel. Èyí tó kú tí kò sì jí títí ẹ fi yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri tí ẹ dá a padà, páwà sọ́pláì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó náwó?

Ẹ ra ìwé kékeré kan àti bírò. Gbogbo ìgbà tó bá kú, ẹ kọ ọjọ́, agogo, irú ikú tó kú, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé: ṣé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ṣé ẹnì kan tan ẹ̀rọ omi ni.

Ní ọdún tí tèmi ń dààmú mi, mo pààrọ̀ RAM, mo pààrọ̀ dísìkì, mo tún Proxmox gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó lọ, sáfà ń kú. Ìgbà tí mo wá kọ agogo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo rí i pé kò kú rí kí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, kò kú rí lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Kò kú rí, bí orúkọ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé mo lọ dúró lẹ́nu géètì. Ẹ̀gbọ́n jórinjórin tó wà ní ojúlé kejì fi irin kan irin, gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ṣẹ́jú, mo sì gbọ́ píì láti inú yàrá: sáfà ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un fi kàn lẹ́ẹ̀kan sí i." Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ṣe é. Píì. RAM tí mo ti yọ dà nù kò ṣẹ̀ mí rárá.

Ẹ má sì pààrọ̀ nǹkan méjì pa pọ̀. Bó bá sàn, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó.

Níbo ni mo ti lè ka ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó kú?

Níbi tí ẹ ti ń kọ àṣẹ lórí onílé (Shell), ẹ tẹ `journalctl --list-boots` láti rí gbogbo ìgbà tó ti tàn, lẹ́yìn náà `journalctl -b -1 -e` láti ka òpin ìgbà tó ṣáájú èyí. Ìlà mẹ́wàá tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá jẹ́ ìlà lásán, iṣẹ́ ojoojúmọ́, tó wá dákẹ́ wẹ́lo bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu, iná ló já tàbí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ṣubú. Kò ráyè kọ nǹkan kan. Bí ẹ bá rí `Hardware Error` lẹ́gbẹ̀ẹ́ `mce`, processor tàbí RAM ló ń ké. Bí ẹ bá rí `Power key pressed`, ẹ lọ bi ọmọ ọdún mẹ́ta inú ilé yín. Mo ti rí èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí dísìkì yín bá jẹ́ NVMe, ẹ tẹ `smartctl -a /dev/nvme0`, kí ẹ wo ìlà tó ń jẹ́ `Unsafe Shutdowns`. Iye ìgbà tí iná já mọ́ ọn lẹ́nu ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ń gòkè, tí ẹ̀yin kò sì fi ọwọ́ pa á, ẹ má tíì fọwọ́ kan software kankan.

Ìnfátà wà nílé mi, tẹlifíṣọ̀n kì í kú nígbà tí iná bá lọ. Kí ló dé tí sáfà fi ń kú?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù lọ, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìnfátà. Ọ̀pọ̀ ìnfátà sólà tó wà lọ́jà ní ètò méjì tí wọ́n kọ sínú rẹ̀: APL (fún ohun èlò ilé) àti UPS (fún kọ̀ǹpútà). Bó bá wà lórí APL, ó lè tó 20 mílísẹ́kọ́ńdì kí bátìrì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ọba. Bó bá wà lórí UPS, bíi 10 ni. Páwà sọ́pláì kọ̀ǹpútà tó dára máa ń di ẹ̀mí mú fún bíi 16 sí 17 mílísẹ́kọ́ńdì lẹ́yìn tí iná bá já. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀: 20 kọjá 17. Tòkunbọ̀ tí kápásítọ̀ rẹ̀ ti ń gbẹ kò tilẹ̀ ní í tó 17 mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń fara dà á ní ọdún tó kọjá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú ní ọdún yìí.

Ẹ wọ inú ètò ìnfátà, kí ẹ yí i láti APL sí UPS. Bọ́tìnnì mẹ́rin ìdí rẹ̀ lẹ máa fi ṣe é, kò gba oníṣẹ́ iná. Ẹ mọ̀ ṣá pé ó ní owó orí: lórí UPS, ìnfátà kì í gba iná tó bá wálẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà nísàlẹ̀ 170 fóòtì (volt), nígbà tí APL máa ń gbà á títí dé 90. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ tí iná àdúgbò bá rọ, bátìrì yín ni yóò máa ṣiṣẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún tèmi. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kéré, kí ó fi ẹ̀rọ UPS kékeré, àpótí bátìrì tó ń dúró fún iná nígbà tó bá já, sáàárín ìnfátà àti sáfà.

Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú tí ìgbì iná rẹ̀ jẹ́ onígun, tí kì í ṣe ìgbì tó ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Páwà sọ́pláì ìgbàlódé tó ní active PFC (ẹ̀yà tó ń ṣètò bó ṣe ń fa iná) kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ó lè máa kùn, ó sì lè pa ara rẹ̀.

Ẹgbìn wà níbí lọ́dọ̀ wa. Kí ló dé tí iná tó ń wọlé fi ń ṣe ségesège?

Òótọ́ ni, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná ní Ẹgbìn, lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ̀, wà láti 1985, 1,320 megawatt ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Ṣùgbọ́n iná tó ń jáde níbẹ̀ kì í yà tààrà sí ilé wa. Wáyà 330 kilovolt ló ń gbà bọ́ sínú ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ká tó wá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà títí dé tiransifọ́mà àdúgbò. Ohun tó ń pa sáfà yín sábà máa ń wà lórí òpó tó kẹ́yìn: tiransifọ́mà tí ẹrù pọ̀ lé lórí, tàbí wáyà neutral (èyí tí iná ń gbà padà) tó ti tú.

Neutral tó tú yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Òun ló ń jẹ́ kí gílóòbù yàrá kan mọ́lẹ̀ jù nígbà tí ti èkejì ń ṣókùnkùn. Iná tó yẹ kó jẹ́ 230 fóòtì lè fò kọjá 300. Bí ẹ bá rí àmì yẹn, ẹ yọ sáfà lára ògiri kí ẹ tó máa wá nọ́ńbà oníṣẹ́ iná.

Stabilizer ńkọ́? Èyí tó ń dún ká-ká-ká nígbà tí iná bá ń lọ sókè sódò, ìdún kọ̀ọ̀kan yẹn ni ìgbà tó ń já iná díẹ̀ láti yí ọwọ́ padà. Ó dára fún fíríìjì. Fún sáfà, n kò gbà á níyànjú láìsí UPS lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti ra ẹ̀rọ UPS. Ṣé ó ti parí?

Kò tíì parí. UPS tí kò bá sáfà sọ̀rọ̀, ńṣe ló kàn ń sún ikú síwájú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi wáyà USB so ó mọ́ sáfà, kí ẹ gbé NUT, software tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ UPS, sórí sáfà náà. Òun ni yóò sọ fún Proxmox pé bátìrì ti ń tán, Proxmox á sì rọra pa VM kọ̀ọ̀kan kí ó tó pa ara rẹ̀. Ẹ fi qemu-guest-agent sínú VM, kí ó lè gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ní kí ó sùn.

Bátìrì UPS kì í pẹ́ nínú ooru wa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ pa àwọn VM, kí ẹ yọ UPS lára ògiri, kí ẹ ka ìṣẹ́jú. Ẹ má sì ki ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser sínú rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá jẹ́ ooru?

Ẹ fi lm-sensors sí i, kí ẹ tẹ `sensors` ní ọ̀sán gangan nígbà tí iṣẹ́ wà lórí ẹ̀rọ. Bí processor bá ń rìn ní 60 tàbí 70 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ lọ sùn. Bó bá ti ń súnmọ́ 100, ó ń dín eré ara rẹ̀ kù nìyẹn kó má bàa jóná, bó bá sì tún gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò pa ara rẹ̀.

Ẹ ṣí i. Eruku pupa ọ̀nà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí, pẹ̀lú ọ̀rinrin ọ̀sà tó ń fẹ́ láti ìhà Ìpakodò, wọ́n máa ń pò pọ̀ di bí àmọ̀ láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń fa ooru. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ àti sùúrù ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Ẹ di fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó má bàa yí àyípo òdì. Ọ̀rá funfun tó wà láàárín processor àti irin náà máa ń gbẹ bí ẹ̀fun nínú tòkunbọ̀. Ẹ nù ún kúrò, ẹ fi tuntun tó tó ẹ̀wà kan sí i.

Ọmọnílé ńkọ́? Mo ti yọ ọ̀kan tó ti gbẹ nínú páwà sọ́pláì rí, ìrù rẹ̀ kan wáyà méjì. Wọ́n fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé dí gbogbo ihò tí kì í ṣe ti fáànù.

RAM tí mo rà jẹ́ tòkunbọ̀. Báwo ni mo ṣe máa dán an wò?

Ẹ kó memtest86+ sórí fláàṣì, ẹ tan ẹ̀rọ láti orí rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wákàtí kan kò tó. RAM tó ń ṣàárẹ̀ lè ṣe dáadáa títí tó fi gbóná, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo pọ̀ jù. Kò sí "ó kéré" nínú èyí.

Bó bá jẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tún pààrọ̀ ihò wọn, nítorí ihò náà lè jẹ́ ọ̀daràn. Etí rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà máa ń dúdú díẹ̀ nínú ọ̀rinrin wa. Àwọn oníṣẹ́ wa máa ń fi ìrésà ilé ìwé pa á. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ nu ìdọ̀tí ìrésà kúrò pátápátá, òwú àti ọtí isopropyl ló dára jù. Bí ẹ bá sì ti tan XMP (ètò tó ń mú RAM sáré sí i) nínú BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó tàn, ẹ pa XMP yẹn. Kò sí ìdí tí sáfà fi ní láti sáré ìdíje.

Dísìkì lè jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ gan bí?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ òun náà ni Proxmox wà lórí rẹ̀. `smartctl -a /dev/sda` ni kí ẹ tẹ̀. `Reallocated_Sector_Ct` tàbí `Current_Pending_Sector` tó bá ti kúrò ní òdo tó sì ń gòkè, ẹ kó ẹrù yín kúrò níbẹ̀ lónìí. Tó bá jẹ́ `UDMA_CRC_Error_Count` ló ń gòkè, ẹ má ju dísìkì nù: wáyà SATA ló sábà máa ń fà á, òun kò sì wọ́n.

VM tó tóbi jù ni ó máa ń kú ṣáá, sáfà kì í kú. Kí ló dé?

Ẹ wá `Out of memory: Killed process` nínú àkọsílẹ̀ onílé. Bí ẹ bá rí i, RAM ti tán, kernel sì wá ẹni tó jẹun jù láti pa. Ẹni náà sábà máa ń jẹ́ VM yín tó tóbi jù, èyí tí ẹ fẹ́ràn jù.

Ẹ wo ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń ṣe: RAM 16 GB, VM àkọ́kọ́ gba 8, èkejì 4, ẹ̀kẹta 2. Wọ́n ní ó ku 2. Onílé tó fi gbogbo yàrá háyà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn. Bó bá tún jẹ́ ZFS, ètò kan tó ń ṣàkóso ibi ìpamọ́, ni ẹ fi ṣe dísìkì, òun náà ń kó RAM pamọ́ fún ìyára. Tẹ́lẹ̀, ó lè gbà tó ìdajì gbogbo RAM. Láti Proxmox VE 8.1, ẹ̀rọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí máa ń dín in sí ìdá 10 nínú 100, kò sì ní kọjá 16 GB; àmọ́ ẹni tó gbé ti àtijọ́ gòkè wá ṣì lè wà lórí ìdajì yẹn.

Láti fi òté lé e, ẹ kọ `options zfs zfs_arc_max=2147483648` sínú `/etc/modprobe.d/zfs.conf`, 2 GB nìyẹn. Lẹ́yìn náà `update-initramfs -u`, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn. Ẹ má sì gbé swap (apá dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́) sórí ZFS. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gan ní àsìkò tí RAM bá há gan-an, ìyẹn àsìkò tí ẹ nílò swap jù.

VM dúró, àmì ofeefee wà lára rẹ̀, wọ́n kọ `io-error`.

Ó sábà máa ń jẹ́ pé ibi ìpamọ́ ti kún. Ẹni tó ń lo LVM-thin, ọ̀nà kan láti pín dísìkì, lè ṣèlérí dísìkì 100 GB fún VM mẹ́ta lórí dísìkì 250 GB, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí títí ọjọ́ tí gbogbo wọn bá fẹ́ gba ìpín wọn. Ẹ tẹ `lvs`, ẹ wo `Data%`. Ẹ pa snapshot àtijọ́ (ẹ̀dà ipò VM tí ẹ ti fi pamọ́) rẹ́, kí ẹ tan Discard lára dísìkì VM, kí àyè tí VM kò lò mọ́ lè padà sọ́dọ̀ onílé.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló ń já, sáfà fúnra rẹ̀ kò kú.

Bó bá jẹ́ OptiPlex tàbí EliteDesk tó ní káàdì Intel tí driver rẹ̀ (software tó ń darí káàdì) ń jẹ́ e1000e, ẹ wá `Detected Hardware Unit Hang` nínú àkọsílẹ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wúwo, bí ìgbà tí bakọ́ọ̀pù ń lọ. Ẹ tẹ `ethtool -K eno1 tso off gso off`, kí ẹ fi orúkọ káàdì tiyín rọ́pò eno1. Bó bá sàn, ẹ kọ ọ́ sínú `/etc/network/interfaces` kó lè máa ṣe é fúnra rẹ̀ bó bá ti tàn.

Ó máa ń kú ní òru Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ ti kọ agogo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Lórí Debian, ZFS máa ń yẹ gbogbo dísìkì wò láti òkè dé ilẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù, ní agogo 12 òru kọjá ìṣẹ́jú 24. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀rọ tí páwà sọ́pláì rẹ̀ ti rẹ̀, tàbí tí dísìkì rẹ̀ ń gbóná, ìgbà yẹn ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú. Ẹ má pa àyẹ̀wò náà. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán pẹ̀lú `zpool scrub`, kí ẹ jókòó tì í.

Tó bá jẹ́ òròòru ni, ẹ wo agogo tí ẹ fi bakọ́ọ̀pù sí.

Ó máa ń gan nígbà tí kò bá ṣe iṣẹ́ kankan rárá. Ṣé èèdì ni?

Kì í ṣe èèdì. Processor máa ń sùn díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ kò bá sí, àwọn kan sì máa ń sùn débi tí wọn kò fi mọ ọ̀nà padà. Ryzen àkọ́kọ́, ti 2017, lókìkí fún un. Nínú BIOS, ẹ wá `Power Supply Idle Control`, kí ẹ yí i sí `Typical Current Idle`. Fún Intel kéékèèké, ẹ lè fi `intel_idle.max_cstate=1` sí ìlà kernel kí ó má sùn jinlẹ̀; iná tó ń jẹ yóò pọ̀ sí i díẹ̀.

Iná lọ lálẹ́, ó dé láàárọ̀, sáfà tàn ṣùgbọ́n VM kankan kò gbéra. Wọ́n kọ `KVM virtualisation configured, but not available`.

Ẹ wo aago rẹ̀. Bó bá ti padà sí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí mọ́ọ̀dábọ́ọ̀dù ti kú. BIOS gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ kọ́ ọ, títí kan VT-x, ètò tó ń jẹ́ kí processor lè gbé VM. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ tún VT-x tàn, kí ẹ sì yí ètò tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe lẹ́yìn tí iná bá dé padà sí kó máa tàn fúnra rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí mo bá tan VM kan pàtó, gbogbo sáfà á pòórá.

Ṣé ẹ fún VM náà ní káàdì kan tààrà, bíi GPU (káàdì àwòrán) tàbí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ẹ̀rọ kì í pín káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, agbo-agbo ló ń pín wọn. Agbo yẹn ni IOMMU group. Bí GPU bá wà nínú agbo kan náà pẹ̀lú ẹ̀yà SATA tí dísìkì Proxmox so mọ́, bí ẹ ṣe fà á fún VM lẹ fa ẹní kúrò lábẹ́ onílé. Ẹ wo inú `/sys/kernel/iommu_groups` kí ẹ tó fún VM ní ohunkóhun. Nígbà míì, gbígbé káàdì náà sí ihò PCIe mìíràn ti tó.

Lẹ́yìn update ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún un tàn, kí ẹ yan kernel àtijọ́ nínú ojú ewé tó kọ́kọ́ jáde. Bó bá dúró dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi `proxmox-boot-tool kernel pin` so ó mọ́lẹ̀ títí òmíràn á fi dé.

Ẹni tó ní Intel ìran 13 tàbí 14 fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tirẹ̀ yàtọ̀: kó má sá fún update BIOS. Intel gbé microcode (àtúnṣe inú processor) 0x129 jáde ní August 2024, 0x12B sì tẹ̀ lé e ní September, láti dẹ́kun fóòtì tó ń pọ̀ jù lórí processor. Èyí tó bá ti bàjẹ́ ṣáájú kò ní í sàn nípasẹ̀ rẹ̀.

Sáfà méjì ni mo so pọ̀. Kí ló dé tí àwọn méjèèjì fi ń tún ara wọn tàn nígbà kan náà?

Ìnfátà gbé sáfà méjèèjì, àbí? Switch tó so wọ́n pọ̀ ńkọ́? Níbi mẹ́ta tí mo ti bá èyí pàdé, lára iná ọba lásán ni switch wà. Bí iná bá lọ, sáfà kọ̀ọ̀kan ò rí èkejì mọ́, kò sì sí èyí tó ní ìbò tó pọ̀ jù nínú méjì. Bí HA (ètò tó ń gbé VM lọ sórí sáfà kejì bí ọ̀kan bá kú) bá wà ní títàn, ẹ̀rọ tó pàdánù ìbò yóò tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kí VM kan náà má bàa máa ṣiṣẹ́ níbi méjì. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe.

Ẹ gbé switch sórí ìnfátà. Ẹ fi QDevice sórí Raspberry Pi tàbí ẹ̀rọ kékeré mìíràn kó lè jẹ́ olùdìbò kẹta. Tàbí kẹ̀, ẹ pa HA. Nínú ilé, n kò tíì rí ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, àkọsílẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó ṣì ń gan.

Ẹ̀rọ tó gan kì í lè kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sórí dísìkì, àmọ́ ó lè sọ ọ́ jáde lórí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ tan netconsole: kernel yóò máa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí UDP, port 6666, sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹ ti fi netcat dúró dè é. Mo ti rí ìlà méjì péré gbà lọ́nà yìí rí, orúkọ driver tó pa á sì wà nínú èkejì.

Bí ìyẹn náà kò bá mú nǹkan wá, ẹ yá ẹ̀rọ irú kan náà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in, kí ẹ yọ dísìkì yín síbẹ̀, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ikú bá bá dísìkì lọ, inú software tàbí inú dísìkì náà ló wà. Bí ẹ̀rọ tí ẹ yá kò bá kú, ẹ̀rọ àtijọ́ yín ni; ẹ fi páwà sọ́pláì mìíràn sí i, bó bá ṣì kú, mọ́ọ̀dábọ́ọ̀dù ni, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra ajẹkù. Bí dísìkì bá dé inú ẹ̀rọ kejì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbéra, ẹ má fòyà: orúkọ káàdì ló yí padà. Ẹ tẹ `ip link`, kí ẹ fi orúkọ tuntun náà sínú `/etc/network/interfaces`.